Ẹni tí ó tún ìbọn rẹ̀ ṣe, ṣé ó fi kún iye rẹ̀?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí a jọ ronú lórí ìbéèrè kan. Bí ènìyàn bá ra nǹkan, tí ó sì tún un ṣe kí ó lè bá ọwọ́ àti ìfẹ́ rẹ̀ mu, ṣé ó fi kún iye nǹkan náà ni, tàbí ó dín in kù? Bí ọjọ́ títà bá sì dé, ṣé ó tọ́ kí ó gba owó àtúnṣe náà lọ́wọ́ ẹni tí ń rà á?

Ìbéèrè yìí kan aṣọ. Ó kan ilé. Ó kan alùpùpù tí a fi ń ṣe zémijàn. Ṣùgbọ́n ìbọn ni a óò fi ṣe àpẹẹrẹ lónìí, nítorí ìdí méjì. Ìdí kìíní ni pé ìbọn a máa pẹ́ láyé. Baba lè lò ó, kí ọmọ lò ó, kí ọmọ-ọmọ sì tún lò ó. Nítorí náà ó ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́. Ìdí kejì ni pé irọ́ nínú ọjà aṣọ lè gba owó lọ́wọ́ ènìyàn, ṣùgbọ́n irọ́ nínú ọjà ìbọn lè gba ojú rẹ̀, tàbí ìka rẹ̀, tàbí ẹ̀mí rẹ̀.

Iye ọwọ́ àti iye ọjà

Ohun kọ̀ọ̀kan tí a ní, iye méjì ni ó ní. Ẹ jẹ́ kí a pe ọ̀kan ní iye ọwọ́, kí a pe èkejì ní iye ọjà. Iye ọwọ́ ni ìwúlò tí nǹkan náà ní fún ẹni tí ń lò ó. Iye ọjà ni owó tí ẹlòmíràn yóò fi rà á.

Ẹ wo ọdẹ kan tí apá rẹ̀ kúrú. Ó ra ìbọn tí ìdí rẹ̀ gùn. Bí ó bá gbé e lé èjìká, ìka rẹ̀ kò tó irin tí a ń fà. Ó ní láti na ọrùn kí ojú rẹ̀ tó lè bá ìbọn náà dọ́gba. Bí ìbọn bá dún, ìdí rẹ̀ a máa ti ènìyàn sẹ́yìn. Bí kò bá jókòó dáadáa ní èjìká, yóò gbá ọdẹ náà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kí ni ọdẹ yìí ṣe? Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà, ó ní kí ó gé ìka mẹ́ta kúrò nínú igi ìdí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ìbọn ọ̀hún di bí ẹ̀yà ara rẹ̀. Ó gbé e, ó bá a mu. Ó yìn ín, ó bá ẹran.

Kò sí àríyànjiyàn: iye ọwọ́ ìbọn yìí ti pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọdẹ náà gbé e lọ tà. Ẹni tí ó fẹ́ rà á ga, apá rẹ̀ gùn. Ó gbé ìbọn náà lé èjìká, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, « Bàbá, ta ni ó gé ìbọn yìí bẹ́ẹ̀? » Ọdẹ ní, « Èmi ni mo ní kí wọ́n gé e. Owó ni mo san. » Olùrà dá a lóhùn pé, « Èmi náà yóò san owó kí n tó lè lẹ igi mìíràn mọ́ ọn. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iye tí ẹ pè. »

Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Owó tí ọdẹ rò pé òun fi kún iye ìbọn ni olùrà fẹ́ yọ kúrò. Àwọn méjèèjì kò sì purọ́. Ẹni tí ó wọ bàtà ni ó mọ ibi tí ó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Bí a bá sì tún bàtà ṣe fún ẹsẹ̀ ẹnì kan, ó lè máa ta ẹlòmíràn.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà

Ìtàn kan wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere. Ní ilẹ̀ náà, òfin fún ọ̀pọ̀ ará ìlú ní àyè láti ra ìbọn, láti tún un ṣe, àti láti tà á. Nítorí náà ọjà ìbọn àlòkù tóbi níbẹ̀ gan-an. Ẹ jẹ́ kí a lọ wo ọjà náà. Lẹ́yìn náà a óò padà sílé.

Ní 1903, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gba ìbọn tuntun kan tí a ń pè ní Springfield. Àwọn ọmọ ogun Jámánì ti ní Mauser tiwọn láti 1898. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Lee-Enfield. Ìbọn ogun ni gbogbo wọn. Wọ́n gùn, wọ́n wúwo, igi sì bo irin wọn láti ìdí títí dé itòsí ẹnu, kí irin gbígbóná má baà jó ọwọ́ ọmọ ogun.

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí ní 1945, irú ìbọn yìí pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ìjọba ju ohun tí wọ́n nílò lọ. Wọ́n ń tà wọ́n fún ará ìlú ní owó pọ́ọ́kú. Nínú oṣù Kẹta ọdún 1963, ènìyàn lè kọ lẹ́tà sí ilé ìtajà kan ní Chicago, kí ó fi dọ́là 19 àti sẹ́ǹtì 95 ra ìbọn ológun Ítálì àlòkù kan, pẹ̀lú awò tí ń mú ohun tí ó jìnnà súnmọ́ ojú. A mọ iye yìí dájú, nítorí pé ìbọn tí a rà báyìí ni a fi pa Ààrẹ John Kennedy ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún náà, ìjọba sì wádìí rẹ̀ fínnífínní.

Àwọn àgbẹ̀ àti ọdẹ Amẹ́ríkà ra ìbọn ogun wọ̀nyí púpọ̀. Ìbọn ọdẹ tuntun wọ́n, ìbọn ogun àlòkù kò wọ́n. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó fẹ́ gbé igi gígùn wúwo wọ inú igbó. Nítorí náà wọ́n mú ayùn. Wọ́n gé igi iwájú rẹ̀ kúrò. Wọ́n gé irin ẹnu rẹ̀ kúrú. Wọ́n lu ihò sí irin àárín rẹ̀, wọ́n fi ìdè awò sí i. Wọ́n ha igi ìdí rẹ̀ títí ó fi dán, wọ́n sì fi òróró pa á. Nígbà tí wọ́n ń ha igi náà, òǹtẹ̀ tí àwọn olùyẹ̀wò ìjọba lù sí i parẹ́. Kò sí ẹni tí ó ka òǹtẹ̀ sí nǹkan kan nígbà náà. Ẹran ni wọ́n ń wá.

Ọdún ń gorí ọdún. Ní 1968, Amẹ́ríkà ṣe òfin kan tí ó dí ọ̀nà tí ìbọn ogun àlòkù ń gbà wọlé láti ilẹ̀ òkèèrè; ó di 1984 kí wọ́n tó tún ṣí ọ̀nà náà fún àwọn ìbọn àtijọ́. Láàrin àkókò yìí, irú ènìyàn mìíràn dé inú ọjà: àwọn tí ń kó ohun àtijọ́ jọ. Àwọn wọ̀nyí kò wá ìbọn tí yóò pa ẹran. Ìbọn tí ó rí bí ó ti rí lọ́wọ́ ọmọ ogun ni wọ́n ń wá. Wọ́n ń wo òǹtẹ̀ ara igi. Wọ́n ń wo àwọ̀ irin. Bí ó bá jẹ́ Mauser ti Jámánì, wọ́n ń wo nímẹ́rò tí a kọ sí ara irin kọ̀ọ̀kan, bóyá gbogbo wọn jẹ́ ọ̀kan náà.

Lónìí, Springfield tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn gbówó lórí ju èyí tí a gé lọ lọ́nà jíjìn. Ìbọn méjèèjì lè jáde ní ilé iṣẹ́ kan náà ní ọjọ́ kan náà. Ẹni tí ó ni ìkejì lè ti náwó sí i ju ẹni tí ó ni ìkíní lọ. Síbẹ̀ owó tí ó ná ni ó dín iye rẹ̀ kù. Ẹ sì kíyè sí ohun ìyanu kan níbẹ̀. Bí àwọn tí ń gé ṣe ń gé tiwọn, ni èyí tí a kò gé ń ṣọ̀wọ́n sí i. Ẹni tí ó fi ayùn gé ìbọn rẹ̀ ni ó sọ ìbọn aládùúgbò rẹ̀ di iyebíye.

Kí ló dé tí ó fi rí bẹ́ẹ̀?

Ìdí mẹ́ta ni a rí.

Ìdí kìíní: ohun tí a gé kúrò kì í padà. A lè fi kún nǹkan, kí a sì yọ ọ́ kúrò lọ́la. Ṣùgbọ́n igi tí a gé, irin tí a lu ihò sí, òǹtẹ̀ tí a ha nù, wọ́n ti lọ nìyẹn. Ènìyàn lè dí ihò náà, kí ó kun irin náà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wò yóò rí i. Nǹkan kì í jẹ́ ti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nítorí náà àwọn tí ń ta ìbọn ní Amẹ́ríkà a máa gba oníìbọn nímọ̀ràn pé bí ó bá yọ igi àtijọ́ láti fi tuntun sí i, kí ó tọ́jú èyí àtijọ́ sí ibi gbígbẹ. Ní ọjọ́ títà, kí ó gbé méjèèjì wá. Àtúnṣe tí ó ní ọ̀nà àbọ̀ kò pa iye ọjà.

Ìdí kejì: ìfẹ́ ọkàn ẹni kì í ṣe ìfẹ́ ọkàn gbogbo ènìyàn. Ẹnì kan kọ orúkọ rẹ̀ sí ara ìbọn rẹ̀ pẹ̀lú irin gbígbóná. Lójú rẹ̀, ó ti sọ ọ́ di tirẹ̀. Ó rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, òun náà sì ni ìṣòro ibẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ tìrẹ jù yóò ṣòro kí ó tó di ti ẹlòmíràn. Bí àtúnṣe bá ṣe bá ẹnì kan ṣoṣo mu tó, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí yóò rà á ṣe ń dín kù.

Ìdí kẹta: olùrà kò mọ ọwọ́ tí ó ṣe é. Nígbà tí ìbọn jáde ní ilé iṣẹ́, a ti yẹ̀ ẹ́ wò, a sì ti fi òǹtẹ̀ sí i. Lẹ́yìn tí ẹnì kan bá ti tú u nínú ilé rẹ̀, ta ni yóò jẹ́rìí? Olùrà yóò máa rò ó pé: bí ó bá fi ọwọ́ kan èyí tí mo rí, kí ni ó fi ọwọ́ kàn tí n kò rí? Iyèméjì yìí ni ó ń bá ìbọn náà lọ sí ọjà, òun náà sì ní iye tí ó ń yọ.

Ṣé kò sí àtúnṣe tí ń mú owó wá?

Ó wà, ṣùgbọ́n ẹ wo irú rẹ̀ dáadáa. Ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń rọ Springfield tún ọ̀kan ṣe fún Ààrẹ Theodore Roosevelt kí ó lè fi ṣọdẹ, ó sì gbé e wá sí ìlà-oòrùn Áfíríkà ní 1909. Ní 1923, a dá ilé iṣẹ́ Griffin & Howe sílẹ̀ ní New York, tí ń sọ ìbọn ogun Springfield di ìbọn ọdẹ ẹlẹ́wà. Òǹkọ̀wé Ernest Hemingway ní ọ̀kan nínú wọn. Àwọn ìbọn wọ̀nyí, a gé wọn bí a ti gé ti àwọn àgbẹ̀. Síbẹ̀ owó gọbọi ni ènìyàn fi ń ra iṣẹ́ ọwọ́ Griffin & Howe títí di òní.

Kí ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀? Wọ́n mọ ọwọ́ tí ó ṣe wọ́n. Orúkọ oníṣẹ́ wà lára wọn, iṣẹ́ rẹ̀ sì ń jẹ́rìí fún un. Iyèméjì olùrà kò sí níbẹ̀. Ẹ rí i pé ọ̀nà kan náà ni a gbà pa iye ti àgbẹ̀, tí a sì gbà gbé iye ti èyí ga. Kì í ṣe ayùn ni ó dá a lẹ́bi tàbí ni ó dá a láre. Ẹ̀rí ni.

Ìtàn pẹ̀lú a máa fi kún iye. Ní 2021, ní Los Angeles, ẹnì kan san ju mílíọ̀nù 6 dọ́là lọ fún ìbọn ìléwọ́ kan. Òun ni Pat Garrett, tí ó jẹ́ olórí agbófinró, fi pa ọ̀daràn Billy the Kid ní 1881. Kì í ṣe pé irin rẹ̀ dára ju irin mìíràn lọ. Ìtàn rẹ̀ ni wọ́n rà, ìwé tí ó jẹ́rìí ìtàn náà sì wà níbẹ̀. Láìsí ẹ̀rí, ìtàn kò tó kọ́bọ̀ ní ọjà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ ìwà

Títí dé ìhín, ọ̀rọ̀ owó ni a ń sọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó wúwo ju owó lọ. Nígbà tí ẹni tí ń ta ìbọn bá mọ̀ pé àtúnṣe òun yóò dín owó kù, ọkàn rẹ̀ yóò sọ fún un pé: fi pa mọ́. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. Òwe yìí kò yin èké. Ó ń kìlọ̀ fún wa pé ìdánwò wà ní ọjà.

Àwọn àtúnṣe tí ojú rí, bí igi tí a gé, kò léwu púpọ̀. Olùrà yóò rí wọn, yóò sì sọ iye tí ó fẹ́ san. Èyí tí ojú kò rí ni ó burú. Ẹ jẹ́ kí a wo mẹ́ta nínú wọn.

Àkọ́kọ́ ni ilé ọta. Ihò tí ọta ń wọ̀ nínú ìbọn ní ìwọ̀n rẹ̀, a sì máa ń kọ ìwọ̀n náà sí ara irin. Ẹlòmíràn a máa fẹ ihò yìí kí ó lè gba ọta tí ó tóbi ju ti àtijọ́ lọ, láìkọ ìwọ̀n tuntun sí ibẹ̀. Ẹni tí ó rà á yóò ka ohun tí a kọ, yóò fi ọta àtijọ́ sí i, ọta náà kò sì ní bá ilé rẹ̀ mu mọ́. Iná àti èéfín lè gba ẹ̀yìn ìbọn jáde sí ojú rẹ̀.

Èkejì ni irin tí ìka ń fà. Àwọn kan a máa yí i kí ó lè rọrùn láti fà. Ẹni tí ó yí i mọ̀ pé fífọwọ́tọ́ díẹ̀ ti tó. Ẹni tí ó rà á kò mọ̀. Ó lè jẹ́ pé ìbọn náà bọ́ lulẹ̀ ni, tàbí pé ewé kan gbá a nínú igbó, ó ti dún. Ta ni ó wà níwájú rẹ̀ ní wákàtí náà?

Ẹ̀kẹta ni nímẹ́rò. Ẹni tí ó bá ha nímẹ́rò ìbọn nù kò ní ohun rere lọ́kàn. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni kí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ ní irú ìbọn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Òfin wọn ti 1934 pẹ̀lú sọ pé bí a bá gé irin ẹnu ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́ kúrú ju ínṣì 18 lọ, ìyẹn bíi sàǹtímẹ́tà 46, láìfi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ẹni tí ó ní in ti rú òfin. Ní ìhà tiwa níbí, àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Àbújá ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 2006. Àdéhùn náà ní kí a máa fi àmì sí ara ìbọn, kí a sì máa mojútó ẹni tí ó ní in. Nítorí náà ìbọn tí a ti ha àmì rẹ̀ nù kò ní iye ọjà kankan. Ẹni tí ó rà á, ẹ̀wọ̀n ni ó fi owó rà.

« Olùrà ní ojú »

Ẹnì kan yóò sọ pé: « Olùrà ní ojú. Kí ó wò ó kí ó tó san owó. Bí kò bá bèèrè, èmi kò ní sọ. » Ọ̀rọ̀ yìí dà bí òótọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. A kì í bèèrè ohun tí a kò mọ̀ pé ó wà. Ẹni tí kò mọ̀ pé a fẹ ilé ọta, báwo ni yóò ṣe bèèrè rẹ̀? Ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é nìkan ni ó mọ̀. Ìmọ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ọ̀bẹ. Bí ó bá fi pa mọ́ sí ẹ̀yìn títí olùrà fi lọ, kò lè sọ pé ọwọ́ òun mọ́. Bí a bá ń gé igi nínú igbó, kí a fi ọ̀rọ̀ ro ara ẹni wò.

Ẹlòmíràn yóò mú ọ̀rọ̀ lọ sí ìhà kejì. Yóò ní: « Bí àtúnṣe bá ń dín iye kù, nígbà náà kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ohun ìní rẹ̀ mọ́. Kí a tọ́jú rẹ̀ bí ó ti rí fún ẹni tí yóò rà á. » Èyí pẹ̀lú kò tọ̀nà. A kò ra ìbọn nítorí olùrà tí a kò tíì mọ̀. Àgbẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó gé Springfield rẹ̀ ní 1950 kì í ṣe òmùgọ̀. Ó fi ṣọdẹ fún ọgbọ̀n ọdún, ilé rẹ̀ jẹ ẹran. Ó ti jẹ èrè àtúnṣe rẹ̀. Bí ọmọ rẹ̀ bá wá ń ké lónìí pé ìbá jẹ́ pé baba òun kò gé e ni, owó ni òun ìbá rí, kí ọmọ náà rántí ẹran tí ó jẹ dàgbà.

Ibí yìí ni ìdáhùn ìbéèrè wa wà. Èrè àtúnṣe wà nínú ìlò. Ẹni tí ó lò ó ti gbà á. Bí ó bá tún fẹ́ gbà á lọ́wọ́ olùrà, ó ń bèèrè èrè kan lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá sì fi àtúnṣe náà pa mọ́ kí owó má baà dín kù, ó ti kúrò ní oníṣòwò, ó ti di olè.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé

Ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Pọ́bẹ̀ àti ní abúlé wọn, ọdẹ ṣì wà. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa mọ ṣakabùlà rọ, wọ́n sì mọ ìbọn òyìnbó tún ṣe. Ẹ wo opó kan tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ ọdẹ. Ọkọ kú, ìbọn rẹ̀ wà ní igun ilé. Ó ti fi awọ dì í ní ìdí, ó ti lu ihò sí i láti fi okùn èjìká kọ́, alágbẹ̀dẹ sì ti jó irin sí ibi tí ó sán. Opó náà gbọ́ nígbà kan pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún sẹ́fà ni ọkọ òun rà á. Ọmọ méjì ń lọ sí ilé ìwé. Ó ń ka owó náà sọ́kàn bí ẹni pé ó ti wà lọ́wọ́. Olùrà dé, ìdá mẹ́ta owó náà ni ó pè. Opó ní wọ́n fẹ́ rẹ́ òun jẹ nítorí pé òun kò ní ọkọ mọ́.

Ó lè jẹ́ òótọ́, nítorí pé àwọn tí ń rẹ́ opó jẹ wà. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé olùrà rí ibi tí a ti jó irin, tí ẹ̀rù sì bà á. Awọ tí ọkọ fi dì í, opó rí ọwọ́ ọkọ rẹ̀ níbẹ̀. Olùrà rí awọ. Kò sí ẹni tí ó lè fi owó san ìrántí ẹlòmíràn.

Kí ni kí opó yìí ṣe? Kí ó kọ́kọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ, nítorí pé orúkọ òkú ni ó wà lórí ìwé àṣẹ ìbọn, ìwé náà kò sì tẹ̀lé ìbọn lọ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Kí ó pe ọdẹ àgbà kan tí kò fẹ́ rà á, kí ó bá a yẹ ìbọn náà wò. Bí irin tí a jó bá léwu, kí ó má tà á fún ẹnikẹ́ni láti yìn, bí ó ti wù kí owó tí a fi lọ̀ ọ́ pọ̀ tó. Èyí le, a mọ̀. Owó ilé ìwé wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹlòmíràn wà lẹ́yìn ìbọn náà pẹ̀lú. Bí kò bá léwu, kí ó sọ gbogbo ohun tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ fún olùrà, kí ó sì dúró lórí iye tí ó tọ́. Ẹni tí ó ti sọ òtítọ́ lè dúró lórí iye rẹ̀ láìgbọ̀n.

Ó sì kan àwa tí a ṣì wà láàyè. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìwé kọ báyìí, ẹ ní ohun èlò kan lọ́wọ́ tí ọ̀pọ̀ àwọn baba wa kò ní. Ní ọjọ́ tí ẹ bá tún nǹkan ṣe, ìbáà jẹ́ ìbọn, ìbáà jẹ́ alùpùpù, ìbáà jẹ́ ẹ̀rọ ìlọta, ẹ mú ìwé kékeré kan, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ohun tí a yí padà, ọjọ́ tí a yí i, ọwọ́ ẹni tí ó ṣe é. Ẹ tọ́jú ohun tí ẹ yọ kúrò. Ìlà mẹ́ta nínú ìwé lè dáàbò bo ẹni tí ẹ kò ní mọ̀ láéláé. Ó sì lè gba ìyàwó àti ọmọ yín lọ́wọ́ iyèméjì ní ọjọ́ tí ẹ kò ní sí níbẹ̀ láti dáhùn.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin iye ọwọ́ àti iye ọjà? Ẹ mú àpẹẹrẹ kan wá láti inú ilé yín.

2. Kí ló dé tí Springfield tí a kò gé fi gbówó lórí ju èyí tí a gé lọ? Kí ló dé tí iṣẹ́ ọwọ́ Griffin & Howe kò fi wọ inú òfin yìí?

3. Bí olùrà kò bá bèèrè, ṣé ó di dandan kí ẹni tí ń tà á sọ? Ẹ sọ ìdí tí ẹ fi rò bẹ́ẹ̀.

4. Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ opó náà, tí owó ilé ìwé yín sì wà nínú ìbọn tí a jó irin rẹ̀, kí ni ẹ ó sọ fún ìyá yín?